Ọkùnrin Tó Gbin Ibodè Ayédèrú Sínú Igbó Vyborg

Ọkùnrin márùn-ún ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè Rọ́ṣíà kó nínú igbó kan lágbègbè Vyborg ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Mẹ́rin jẹ́ ará Gúúsù Éṣíà tó fẹ́ yọ́ wọ ilẹ̀ Finland láìní ìwé. Ẹnì karùn-ún ni atọ́nà wọn, àlejò sì ni òun náà ní Rọ́ṣíà: ọ̀kan lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ti wà lábẹ́ Soviet rí ló ti wá. Títí débi yìí, kò sí ohun tuntun nínú ọ̀rọ̀ náà. Fàyàwọ́ ò lópin létí ibodè, ì báà jẹ́ ti ọjà, ì báà jẹ́ ti èèyàn. Ohun tó sọ ọ́ di ìròyìn káàkiri ayé kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé ni àwọn òpó tó wà nínú igbó náà. Òpó ibodè ni. Ìjọba Rọ́ṣíà kọ́ ló rì wọ́n mọ́lẹ̀, ìjọba Finland kọ́. Atọ́nà ni.

Ó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn mẹ́rin náà pé òun á kó wọn débi tí wọ́n ń lọ. Owó tó ní kí wọ́n san ju 10,000 yúrò lọ. Àmọ́ FSB, àjọ aláàbò tó ń ṣọ́ ibodè Rọ́ṣíà, sọ fún àwọn oníròyìn pé kò fìgbà kan ní in lọ́kàn láti mú wọn dé Finland. Ó fi mọ́tò gbé wọn lọ, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ wọgbó. Ó mú wọn yí adágún kan po. Wọ́n tiẹ̀ ru ọkọ̀ ojú omi onírọ́bà dání, irú èyí tí wọ́n máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí, pé bóyá omi lè dí wọn lọ́nà. Gbogbo ìrìn yẹn, ibi òpó ló ń lọ, òpó tó ti rì sílẹ̀ kí ẹni tó bá kọjá lẹ́bàá rẹ̀ lè mí kanlẹ̀ kó ní, “A ti bọ́.”

Mo ti gbọ́ ti ẹni tó ta ilé onílé. Mo ti gbọ́ ti ẹni tó ta ilẹ̀ ìjọba fún èèyàn mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ta ibodè orílẹ̀-èdè méjì, ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Lọ́dọ̀ tiwa, pèrègún ni àwọn baba wa fi ń pààlà oko. Ẹni tó bá fẹ́ jí ilẹ̀ ẹlòmíì kì í fọwọ́ kan ilẹ̀ náà rárá. Pèrègún ló máa hú lóru, á lọ gbìn ín síwájú díẹ̀, á wá dúró de òjò. Tó bá ti rúwé tán, ta ló máa bá a jiyàn? Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ààlà rí: àmì kan tí àwọn èèyàn gbà lé lórí ni. Atọ́nà Vyborg ò lè fa Finland súnmọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè sún pèrègún.

Ọkọ̀ rọ́bà yẹn ni ọkàn mi máa ń padà sí. Òpó ò ṣeé má nìí, torí láìsí òpó, kò sí jìbìtì. Ṣùgbọ́n kí ni ti ọkọ̀? Ó wúwo, ó ń dáni dúró, etí adágún ni wọ́n sì gbà, wọn ò gba orí omi. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń ru ẹrù nínú igbó lóṣù Kọkànlá, tí òtútù ń gé e lọ́wọ́, kò ní ráyè rò pé bóyá ẹni tó wà níwájú ń tan òun. Ohun tó bá ti jẹ wá níyà, a tètè máa ń gbà pé òótọ́ ni. Àwọn babaláwo èké mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í ní kí o mú iyọ̀ wá. Ìgbín tí kò níkarahun ni wọ́n á ní kí o lọ wá. Ọjọ́ tí o bá fi wá a kiri, ìgbàgbọ́ rẹ ló ń le sí i.

Vyborg pàápàá mọ̀ nípa ààlà tó ń rìn. Ìlú náà wà ní nǹkan bí 130 kìlómítà sí Saint Petersburg, ní apá àríwá ìwọ̀ oòrùn, lójú ọ̀nà tó lọ sí Finland. Viipuri ni àwọn ará Finland ń pè é nígbà tó jẹ́ tiwọn, ọ̀kan lára àwọn ìlú wọn tó tóbi jù sì ni. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní òpin 1939 ló mú kí Soviet gbà á ní 1940. Finland gbà á padà ní 1941. Soviet tún gbà á ní 1944, kò sì tíì kúrò lọ́wọ́ Rọ́ṣíà látìgbà náà. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ní 1935, ibodè ìlú rẹ̀ ti ṣí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Igbó kan náà, igi kan náà, òkúta kan náà. Òpó nìkan ni wọ́n ń gbé kiri. Àwọn tó gbé e nígbà yẹn ní ọmọ ogun lẹ́yìn. Ti ọkùnrin tiwa yìí, ọkọ̀ rọ́bà ló ní.

Kí a tó lè mọ ibi tí irọ́ náà ti jó, ó yẹ kí a mọ bí ibodè tòótọ́ ṣe rí. Ààlà Rọ́ṣíà àti Finland gùn tó nǹkan bí 1,340 kìlómítà, igbó àti adágún ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti ìhà Rọ́ṣíà kò ní kọ́kọ́ bá òpó pàdé. Agbègbè ibodè ló máa kọ́kọ́ wọ̀, ilẹ̀ kan tí àjèjì ò gbọ́dọ̀ tẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ FSB, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wáyà ẹlẹ́gùn-ún, èyí tó ń ta ẹ̀ṣọ́ lólobó bí nǹkan bá kàn án. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà ni ilẹ̀ tí wọ́n tú, tí wọ́n sì ha geerege, kí ojú ẹsẹ̀ ẹni tó bá gbabẹ̀ lè hàn, bí ẹni tó gbá àgbàlá rẹ̀ sùn kó lè mọ̀ bóyá olè wọlé lóru. Wáyà yìí kì í ṣe ààlà o. Ààlà ṣì wà níwájú. Nígbà tí èèyàn bá débẹ̀ gan-an, á rí i pé wọ́n la igbó gbọọrọ, kò sígi, ọ̀nà tó lọ tààrà títí ojú ò fi tó o mọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ kan ni òpó Rọ́ṣíà wà, pupa àti àwọ̀ ewé. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì ni ti Finland, búlúù àti funfun. Wọ́n ń wojú ara wọn. Ìhà Finland ní agbègbè ibodè tirẹ̀, tí kì í ju kìlómítà mẹ́ta lọ lórí ilẹ̀, àmì aláwọ̀ yẹ́lò ni wọ́n fi ń ṣèkìlọ̀ níbẹ̀.

Òpó ni ìkẹyìn gbogbo rẹ̀, nígbà náà. Ẹni tó mọ ibodè yẹn, tó bá kan òpó láìtíì kan wáyà, láìtíì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí wọ́n ha, dúró ló máa dúró, á ní, “Ọ̀gá, wáyà ńkọ́?” Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó wá láti Gúúsù Éṣíà? Òpó ló mọ̀, torí òpó ló máa ń wà nínú fọ́tò. Àlejò ní ojú, kò fi ríran. Ní òpin oṣù Kọkànlá pẹ̀lú, oòrùn kì í yọ lápá ibẹ̀ títí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ yóò fi kọjá, kí ó sì tó lu aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ á ti ṣú. Igi páìnì kan jọ èkejì. Àdúgbò téèyàn mọ̀ bí ẹni mowó, tí iná bá lọ, èèyàn á ṣì máa táràrà kiri níbẹ̀, kí a má tíì sọ igbó àjèjì.

Ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọgbọ́n náà ti ṣẹ́gi. Kí irọ́ náà tó lè dùn, ó ní láti kó wọn lọ sí ìhà ibi tí ibodè tòótọ́ wà. Kò lè ri òpó Finland mọ́ àárín Moscow. Ìhà ibẹ̀ sì ni ẹ̀ṣọ́ pọ̀ sí jù lọ ní gbogbo agbègbè náà. Ó dà bí ẹni tó lọ ń ta bébà owó ayédèrú lẹ́nu ọ̀nà báńkì. Olórí fàyàwọ́ tó mọṣẹ́ ń náwó àti àkókò kí ẹ̀ṣọ́ má bàa rí òun. Ọkùnrin yìí náwó kí nǹkan lè jọ ibi tí ẹ̀ṣọ́ wà.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí mi ò rí ẹni tó sọ ọ́. Kí ni ẹni tó bá wọ Finland láìní ìwé máa ń ṣe lẹ́yìn tó bá ti kọjá òpó? Púpọ̀ nínú wọn kì í sá pamọ́. Wọ́n á wá ẹni tó wọṣọ ìjọba, wọ́n á ní àwọn wá tọrọ ààbò ni. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá fi ibodè ayédèrú tàn, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa fi tọ ẹ̀ṣọ́ Rọ́ṣíà lọ, ẹ̀rín á wà lẹ́nu rẹ̀, á tún máa dúpẹ́. Jìbìtì tó ń sọ ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì di ẹni tó ń fa ara rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́, tí kò sì ní lè padà wá béèrè owó rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀dẹ̀.

Ẹ̀sùn jìbìtì ni wọ́n tìtorí rẹ̀ tì í mọ́lé. Bí ó bá jẹ́ pé ó kó wọn dé Finland ní tòótọ́ ni, òfin Rọ́ṣíà ní ẹ̀sùn mìíràn fún ẹni tó ń ṣètò bí àjèjì ṣe máa rìn lọ́nà ẹ̀bùrú, ẹ̀wọ̀n gidi ló sì so mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ta ló rékọjá? Rọ́ṣíà ni wọ́n ti gbéra, Rọ́ṣíà náà ni wọ́n ti mú wọn. Lójú tèmi, òun nìkan ni onífàyàwọ́ tí mo gbọ́ pé ìjọba tì mọ́lé nítorí pé kò rú òfin tó ṣèlérí pé òun máa rú.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni ọgbọ́n wà létí ibodè yẹn. Lọ́dún 2015, ní òkè pátápátá níbi tí Rọ́ṣíà ti bá Norway pààlà, ní ibodè Storskog, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń wọlé. Òfin Rọ́ṣíà ò gba kí ẹnikẹ́ni fẹsẹ̀ rin ibodè náà kọjá. Òfin Norway ń fìyà jẹ awakọ̀ tó bá gbé ẹni tí kò níwèé. Kò sẹ́ni tó rántí kẹ̀kẹ́. Bí àwọn ará Síríà àti Afghanistan ṣe ra kẹ̀kẹ́ ní ìhà Rọ́ṣíà nìyẹn, wọ́n gùn ún fún ìwọ̀nba mítà tó kù, wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀ ní òdìkejì. Nǹkan bí 5,500 èèyàn gba ibẹ̀ wọlé lọ́dún náà, ibodè tí èèyàn mélòó kan péré ń gbà tọrọ ààbò lọ́dún tó ṣáájú. Òkìtì kẹ̀kẹ́ wà lórí yìnyín níbẹ̀, tuntun, èyí tó yẹ ọmọdé wà nínú rẹ̀. Norway fọ́ wọn sí wẹ́wẹ́, torí bíréèkì wọn ò bá òfin ọ̀nà ibẹ̀ mu.

Nígbà tí ìyẹn dí, omi náà wá ọ̀nà mìíràn gbà. Finland ti fòfin de kẹ̀kẹ́ ní ibodè, ló bá di mọ́tò ògbólógbòó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016, mọ́tò Lada tí ara wọn ti ṣá ni àwọn èèyàn ń kún wọ Salla àti Raja-Jooseppi, ibodè Finland méjì, nínú òtútù tó lè gbẹ̀mí. Ó di oṣù Kẹta kí olórí orílẹ̀-èdè méjèèjì tó jọ fẹnu kò pé fún ọjọ́ 180, ọmọ Finland, ọmọ Rọ́ṣíà àti ọmọ Belarus nìkan ló máa gba ibodè méjèèjì yẹn. Omi náà sì dá. Ẹni tó bá ní etí á ti gbọ́: ibodè tó lè dá wáì lọ́jọ́ kan, ẹnì kan ló ń di okùn rẹ̀ mú.

Àwa ọmọ Nàìjíríà náà ti gba ẹ̀gbẹ́ igbó yìí kọjá. Nígbà tí Rọ́ṣíà gbàlejò Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní 2018, ẹni tó bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì lè gba káàdì kan tí wọ́n ń pè ní Fan ID, èyí tí wọ́n ń fi okùn kọ́ ọrùn, tó sì dípò físà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, Super Eagles pàdé Argentina ní Saint Petersburg. Ẹ ó rántí alẹ́ yẹn: Moses fi pẹnáritì dá góòlù Messi padà, a ti ń ka ìṣẹ́jú kí a lè wọ ìpele tó kàn, kí Rojo tó wá bà wá nínú jẹ́ ní ìṣẹ́jú 86. Láti pápá yẹn sí Vyborg, bí ìrìn wákàtí méjì nínú mọ́tò ni. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó gbé Fan ID kọ́rùn ló mọ ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ẹ́jẹ́ǹtì ti sọ fún àwọn kan nílé pé iṣẹ́ pọ̀ ní Moscow, pé àwọn kíláàbù ń wá agbábọ́ọ̀lù, pé téèyàn bá ti wà níbẹ̀, Yúróòpù ò jìnnà mọ́. Nígbà tó máa fi di oṣù Keje, àwọn ọmọ wa ń sùn síwájú ilé-iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Moscow, tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ ti di bébà lásán, títí Ààrẹ Buhari fi pàṣẹ kí wọ́n kó wọn wálé. Wọ́n ju ọgọ́rùn-ún lọ.

Ti àwọn obìnrin inú wọn ló burú jù. Wọ́n ti mú wọn búra nílé kí wọ́n tó gbéra, wọ́n ti gbé gbèsè ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là kọ́ wọn lọ́rùn, òwò ara ni wọ́n sì fi wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n débẹ̀. Oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà ni Ọba Ewuare Kejì ti Benin gégùn-ún fún àwọn tó ń fi ìbúra de ọmọ ọlọ́mọ, tó sì kéde pé ìbúra tí wọ́n fi dè wọ́n ti tú. Fan ID ò ní ayédèrú nínú o. Ìjọba ló tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ń kà á, ẹ̀ṣọ́ ń kí ẹni tó gbé e kọ́rùn káàbọ̀. Ìlérí tí wọ́n so mọ́ ọn ni ayédèrú. Ní Vyborg, òpó ni ayédèrú. Ọjà kan náà ni wọ́n ń tà.

Ní ti òpó ẹ̀tàn gan-an, ọkùnrin tiwa kọ́ ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí àwọn Kọ́múníìsì gbàjọba ní Czechoslovakia ní 1948, àwọn ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀, StB, ṣe iṣẹ́ kan tí wọ́n sọ lórúkọ tó túmọ̀ sí Òkúta. Ẹni tó bá fẹ́ sá lọ sí apá Jámánì tó wà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, atọ́nà tó máa rí, ọmọ ọlọ́pàá ni. Wọ́n á jọ rin igbó lóru títí wọ́n á fi dé ibi tí wọ́n á ti ní ààlà ti kọjá. Ilé kan wà níwájú. Àsíá Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀, fọ́tò Truman, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, wà lára ògiri, ọ̀gá tó wọṣọ ológun Amẹ́ríkà jókòó, ó na sìgá ilẹ̀ rẹ̀ sí àlejò. Ó ń béèrè bí ẹni tó ń ṣojúṣe: ta ló ràn ọ́ lọ́wọ́? Ta ló kù nílé tó fẹ́ wá? Ta ni ò fẹ́ràn ìjọba tuntun? Àlejò á tú gbogbo rẹ̀ jáde, inú rẹ̀ á dùn pé òun ti rí olùgbàlà. Kò tíì kúrò nílẹ̀ baba rẹ̀. Ibi tó fi bọ́wọ́ lọ́wọ́ Amẹ́ríkà yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mú un lọ sẹ́wọ̀n, òun àti gbogbo ẹni tó dárúkọ.

Nígbà tí mo bá fi ìyẹn wé ti Vyborg, ọkùnrin tiwa á fẹ́ jọ ọmọdé. Owó ló wá, kò wá orúkọ ẹnikẹ́ni. Èmi pàápàá rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìròyìn náà, mi ò purọ́.

Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú kí wọ́n tó mú un, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ni wọ́n ṣílẹ̀kùn tírélà kan ní Grays, ní Essex, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òkú èèyàn 39 ló wà nínú rẹ̀, ọmọ Vietnam ni gbogbo wọn, ọmọ ọdún 15 wà láàárín wọn. Wọ́n ti tì wọ́n mọ́nú rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Zeebrugge ní Bẹ́ljíọ̀m. Kò sí atẹ́gùn. Nǹkan bí ìwọ̀n 38.5 Celsius ni ooru inú rẹ̀ dé kí wọ́n tó kú. Ọ̀nà táwọn ẹ́jẹ́ǹtì ń pè ní ti ẹni ńlá ni wọ́n san owó rẹ̀, nítorí awakọ̀ mọ̀ pé wọ́n wà nínú ọkọ̀. Ní oṣù Kìíní 2021, ilé ẹjọ́ ní London rán àwọn tó wà nídìí rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n. Ọdún 27 ni wọ́n fún ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn.

Àwọn wọ̀nyí ò purọ́ ibodè. Wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé wọn dé. Bí a bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ òwò wò ó, wọ́n kájú iṣẹ́ tí wọ́n gbowó rẹ̀. Onírọ́ Vyborg ò kájú ohunkóhun, àwọn mẹ́rin tó tẹ̀ lé e sì wà láàyè. Mi ò fi ìyẹn yìn ín. Ẹni tó kó èèyàn rin igbó nínú òtútù bẹ́ẹ̀ láti gbowó wọn ò yẹ lẹ́ni à ń yìn. Mo kàn ń sọ pé nínú oṣù méjì yẹn, láàárín ẹni tó mú àdéhùn ṣẹ àti ẹni tó dà á, mo mọ ẹni tí mo máa fẹ́ kí àbúrò mi bọ́ sí lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yẹn sì ń bà mí lẹ́rù.

Ibodè náà ti yàtọ̀ sí ti ìgbà yẹn. Nígbà tí Rọ́ṣíà pe àwọn ọkùnrin rẹ̀ sógun ní oṣù Kẹsàn-án 2022, àwọn ọmọ Rọ́ṣíà fúnra wọn ló tò bẹẹrẹbẹ sí ibodè Vaalimaa, mọ́tò lẹ́yìn mọ́tò, kí Finland tó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó fẹ́ wọlé bí arìnrìn-àjò afẹ́ kí oṣù náà tó parí. Lọ́dún 2023 ni Finland wọ ẹgbẹ́ ológun NATO. Kí ọdún náà tó tán, kẹ̀kẹ́ ti tún padà dé: àwọn ará Síríà, Somalia, Yemen àti Iraq, ó ju 1,300 lọ, ni wọ́n ń bọ̀ láti ìhà Rọ́ṣíà, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ nínú yìnyín. Finland ní Rọ́ṣíà ló ń tì wọ́n wá. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2023, gbogbo ibodè ojú ọ̀nà tó wà lápá ìlà oòrùn rẹ̀ ni Finland tì pa, ọdún mẹ́rin àti ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí wọ́n mú atọ́nà wa. Wọ́n ṣí méjì nínú wọn fún ìgbà díẹ̀ ní oṣù Kejìlá, wọ́n tún tì í. Ní àwọn ibi kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ri ògiri irin mọ́lẹ̀, èyí tí wọ́n ṣètò pé yóò gùn tó nǹkan bí 200 kìlómítà. Àwọn òpó búlúù àti funfun ṣì dúró síbẹ̀.

Ó ku àwọn mẹ́rin náà. Wọn ò gbé orúkọ wọn jáde, kò sì sí ẹni tó fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò nínú gbogbo ìròyìn tó fi atọ́nà wọn ṣe ẹ̀rín. Àìníwèé ò jẹ́ kí wọ́n lè pe ara wọn ní ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ilé ẹjọ́ ní Vyborg ní wọ́n jẹ̀bi, ó bu owó ìtanràn lé wọn, ó sì pàṣẹ kí wọ́n lé wọn kúrò ní Rọ́ṣíà. Wọ́n ti rin igbó, wọ́n ti yí adágún po, wọ́n ti ru ọkọ̀ rọ́bà tí kò fojú kan omi, nítorí kí wọ́n lè rékọjá ibodè kan. Adájọ́ ló wá fún wọn níbodè tí wọ́n máa rékọjá, èyí tó kọjú sílé.